Àyè Ẹsẹ̀ Nílé Ẹ̀rọ

Mo rántí ìgbà tí òórùn epo dísẹ́lì jẹ́ òórùn ọkọ mi. Bí mo tilẹ̀ fọ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òórùn náà kì í kúrò, torí òun ló ni ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo àti ẹ̀lùbọ́ lẹ́yìn ọjà Bantè, ìlú wa. Ẹ́ńjìnnì náà ti gbó kí ó tó rà á. Ní ilé ẹ̀rọ wa, ènìyàn kì í tò. Abọ́ ló ń tò. Obìnrin á gbé abọ́ àgbàdo rẹ̀ tẹ̀lé ti ẹni tó ṣáájú, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, á sì gba ọjà lọ. Ẹni tó bá sún abọ́ ẹlòmíràn wá ìjà.

Ọkọ mi kì í kánjú jí ẹ̀rọ náà. Á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, á nù ún, á tì í padà sínú ẹ̀rọ, á tún fà á wò. Tó bá fẹ́ fi ọwọ́ yí irin tó ń jí i, á kó àtàǹpàkò sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, kí irin má baà ṣẹ́ ẹ tó bá ta padà. Èmi tí mo ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì a máa rẹ́rìn-ín pé ó ń ṣe é bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

Àmọ́ lọ́jọ́ ọjà kan, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti sinmi títí àgbàdo tuntun fi gbẹ, ó da ọ́ìlì kọjá àmì òkè lára ọ̀pá náà. A gbà lọ́dọ̀ wa pé ohun tó ti pẹ́ láìṣiṣẹ́, ṣe ni wọ́n ń bọ́ ọ yó. Obìnrin tó wá láti Nàìjíríà, tó ń ta epo nítòsí, wò ó.

"Bàbá, èyí ò ti pọ̀ jù?"

"Ìyá elépo, ó ti gbààwẹ̀ pẹ́. Ẹ jẹ́ ó jẹun."

"Tó bá yó tán, tó ní òun fẹ́ fẹ́yàwó ńkọ́?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà jí tí ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ń ké sókè sí i, èéfín bo ilé. Ọkọ mi ti ẹnu ọ̀nà epo pa, ẹ̀rọ kò dúró. Ọ́ìlì inú ara rẹ̀ ló ti ń mu dípò dísẹ́lì. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí a fi pátákó pẹlẹbẹ dí ihò tó fi ń fa atẹ́gùn. Pátákó náà fara ti ògiri òdìkejì, abọ́ sì kún àárín. Láàárín àwọn abọ́ náà ni ọmọbìnrin wa, tí kò tíì tó lọ sí ilé ìwé, jókòó sí.

Ọmọ ló kọ́kọ́ gbé. Ó ń ta abọ́ nù, ó ń ṣubú, ó ń dìde, títí ó fi gbé e lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbé e sá jìnnà," ó wí, ó sì padà wọlé.

Ó ń wá pátákó nínú èéfín nígbà tí kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ fọ́, tí àfọ́kù rẹ̀ sì bà á. A fi ọkọ̀ gbé e, a dorí kọ ilé ìwòsàn ní Savalou. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí a tó wọ ìlú, ọwọ́ náà ti tutù.

Ọmọ yẹn ti dàgbà báyìí, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló sì yàn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, kò gbọ́. Ẹ̀rọ tirẹ̀ náà ti gbó. Lórí ìṣó, nítòsí ihò atẹ́gùn, ni pátákó rẹ̀ wà. Ó máa ń fọwọ́ kàn án kó tó jí ẹ̀rọ, torí ó mọ̀ pé mo ń wo òun láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Abọ́ ni ekòló tèmi.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ìyàwó kan gbé abọ́ wọlé, mo gbé abọ́ náà jáde.

"Ìyá, abọ́ yẹn ni mo fi gba àyè mi."

"Mo mọ̀, ìyàwó. Ibẹ̀ lọmọ mi máa gbà jáde."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níta. Nínú ilé, ọmọ mi fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Kò rántí ojú bàbá rẹ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá rẹ̀ máa ń ṣe. Ẹ̀rọ jí. Mo tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ títí ó fi rọlẹ̀, kí n tó mí.