Káfíńtà Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ṣé-ó-dáa

Ṣé-ó-dáa ni àwọn ará àdúgbò ń pe káfíńtà yìí, nítorí kò sí iṣẹ́ tó parí tí kì í béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Bí o bá ní ó dáa, inú rẹ̀ á dùn títí di ọjọ́ kejì. Bí o bá yínmú pẹ́nrẹ́n, á tú àga tó dúró ṣinṣin palẹ̀, á tún un kàn.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá mọ iṣẹ́ o, ẹnu rẹ̀ ni kò mọ ìyìn. Á fọwọ́ pa igi tí ọmọ fá, á ní, "Ó kù díẹ̀." Bàbá ti kú lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, díẹ̀ ọ̀hún ò tíì pé lójú ọmọ.

Lọ́dún tó kọjá, ó ṣe ilẹ̀kùn yàrá fún olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, olùkọ́ ránṣẹ́ pè é.

"Káfíńtà, ilẹ̀kùn rẹ wọ́. Kì í pa dé."

"Ẹ má bínú, sà. Màá ṣe òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́."

Ó délé, ó ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ wọn ilẹ̀kùn náà?"

"Wọ́n ní ó wọ́."

"Ohun tí wọ́n ní kọ́ ni mo bi yín."

Láàárọ̀, ó mú okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí, ó padà lọ. Ó fi wọn ilẹ̀kùn: ó gún régé. Ó fi wọn ògiri: ògiri ti yẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Ó yí lọ sẹ́yìnkùlé, ó rí ibi tí omi òjò ti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri, ó sì pe olùkọ́.

"Sà, ilẹ̀kùn mi gún. Ògiri yín ló ń yẹ̀. Omi òjò ń jẹ ìpìlẹ̀ lẹ́yìnkùlé."

"O ti wá di bíríkìlà?"

"Rárá, sà. Ẹ pe bíríkìlà wá wò ó. Àmọ́ mi ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yìí mọ́."

Olùkọ́ fi ìbínú pe káfíńtà mìíràn, onítọ̀hún sì fá etí ilẹ̀kùn. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ilẹ̀kùn tún há. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ tó pe bíríkìlà, bíríkìlà náà ló sì ròyìn fún Ṣé-ó-dáa pé omi ti jẹ ìpìlẹ̀ lóòótọ́. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ kò wá tọrọ àforíjì.

Ṣé-ó-dáa ò yọ̀, kò sì sọ ọ́ kiri. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún pé ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé òun ti ń sùn dáadáa láti ọjọ́ tí òun ti kọ̀ láti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ pé òun jàre.