Ògbufọ̀ Obìnrin Tí A Jà Fún ní Akpakpa

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tiwa ní Akpakpa lónìí, tí ẹ ń rí obìnrin bíi tiyín sọ tinú yín fún, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a o. Kò tíì pẹ́ rárá. Ìgbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè padà lẹ́yìn kòrónà ni, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì ń ṣe ògbufọ̀ níbẹ̀ fún àwa Yorùbá tí kò gbọ́ Faransé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò tó wá láti Nàìjíríà ni. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ Ṣadé ni.

Èmi àti Ṣadé jọ ń gbé ojúlé kan ní Agblangandan. Bàtà ló ń tà, ọkọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, ló bá lọ sí ilé ìwòsàn náà. Nígbà tí dókítà bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, Ṣadé wo ẹ̀gbọ́n ọkọ tí òun ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, ojú tì í. Ẹnu wo ni ìyàwó yóò fi sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ níwájú ẹni bẹ́ẹ̀?

"Inú ló ń run mí, sà," ló sọ.

Wọ́n fún un ní oògùn inú rírun, ó lọ sílé. Kò pẹ́ ló dákú sí ìsọ̀ rẹ̀, a sì gbé e padà lọ síbẹ̀. Faransé tí mo fi ń ná ọjà ni mo fi pariwo títí wọ́n fi gbé e wọlé. Ó yè, àmọ́ wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì bímọ kankan rí.

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Mo kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa jọ, a tẹ́ ẹní sẹ́nu géètì ilé ìwòsàn náà. Obìnrin ni kí wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ fún obìnrin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní dìde. Alága ẹgbẹ́ sáré dé.

"Ìyá Dúpẹ́, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé wa kúrò nílùú onílùú ni?"

"Alága, bí nǹkan ọkùnrin yín bá ń dùn yín, ṣé iwájú ìyá ìyàwó yín lẹ ó ti bọ́ ṣòkòtò?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Bàbá náà bínú lọ.

Ẹ̀rín náà kò tọ́jọ́. Alága ti pe àwọn ọkọ wọn, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri. Ẹni yìí ká ẹní, ó ní ọmọ òun ti ń bọ̀ láti ilé ìwé. Ẹni tọ̀hún ní òun ń bọ̀, kò padà. Nígbà tí oòrùn fi rọlẹ̀, ó ku èmi nìkan, opó tí kò ní ọkọ tí wọn yóò pè. Mo sunkún níbẹ̀, n kò tijú láti sọ ọ́.

Olórí àwọn agbẹ̀bí, obìnrin Ègùn kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, jáde wá bá mi.

"Ìyá, àwọn yòókù ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ."

"Ẹ̀yin ò ní lọ ni?"

"N ò lọ."

Ó bá mi ká ẹní mi. "Ó dáa. Ẹ wá lọ́la. Ẹ̀yin gan-an lẹ ó máa ṣe ògbufọ̀ fún àwọn obìnrin."

Bí mo ṣe dé orí àga ògbufọ̀ nìyẹn. Obìnrin ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ báyìí láìfi ohunkóhun pamọ́. Ṣùgbọ́n Ṣadé kò rí èrè rẹ̀ jẹ. Ó ti padà sí Ìbàdàn, ọkọ ti fẹ́ ẹlòmíràn, kì í gbé ìpè mi mọ́. Àwọn tí mo sì ti gbọ́ àṣírí wọn, bí wọ́n bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, òdì kejì títì ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń kó ọmọ jáde, wọn kì í pè mí. Ẹ̀rù ẹnu mi ń bà wọ́n, bẹ́ẹ̀ n kò sọ tẹnìkan síta rí. Ó ń dùn mí gan-an.

Ohun tó kù tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹ bá pàdé mi lójú títì, ẹ kí mi. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́" ni n ó fi dáhùn, n kò ní bèèrè bí ara ṣe rí.