Àdúrà Bàbá Tí Rẹ̀kọ́dà Mi Kò Gbọ́

Òórùn róòbù àti ti dòdò ló máa ń kọ́kọ́ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà àpátímẹ́ǹtì wọn ní Lake Highlands. Bàbá ló ni róòbù. Ó ń fi í pa oríkèé ìka rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ní òtútù inú ilé Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ọwọ́ òun ṣe é ká mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ni dòdò. Àjà kejì ni wọ́n ń gbé, fèrèsé wọn sì kọjú sí ibi tí àwọn ará ilé ń gbé mọ́tò sí, níbi tí oòrùn oṣù kẹjọ ti máa ń ràn lórí òrùlé ọkọ̀ títí ojú á fi máa ro ènìyàn. Mo ti wọ ilé yẹn tó ìgbà mẹ́wàá, àmọ́ wákàtí kan àbọ̀ tí mo lò níbẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Iṣẹ́ ìròyìn kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ jọ ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kí o ti mọ ibi tí mo ti máa ṣìṣe kí n tó sọ débẹ̀.

Ìjọ wa ní Garland ni mo ti mọ Bàbá. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ìjọba fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Melbourne ní Ọsirélíà láti kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀ gbà á sí yàrá tí wọ́n ń kó téèpù sí. Ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kó tó padà sílé wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, níbi tó ti fẹ̀yìn tì. Bí àwọn àgbà yòókù bá ń sọ ìtàn ilé lẹ́yìn ìsìn, ti Ọsirélíà ni Bàbá máa ń sọ. Ó máa ń ní nígbà tí ènìyàn kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, Ọsirélíà ni àwòrán náà gbà kọjá kí gbogbo ayé tó rí i. Kò tíì dé ọ̀hún nígbà yẹn, ẹnu àwọn ọ̀gá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ á máa sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló di eriali mú. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ tí àwọ̀ dé sórí tẹlifíṣọ̀n wọn, ìṣojú rẹ̀ ni.

"Koríko ló yà mí lẹ́nu," ló máa ń wí. "Mo ti ń rí koríko láti kékeré. Ọjọ́ tí mo rí i láwọ̀ ewé nínú àpótí yẹn, mo lọ fọwọ́ kan gíláàsì. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín! Òyìnbó tó dúró tì mí náà fọwọ́ kàn án."

Nígbà tó ku oṣù mélòó kan kí ọjọ́ náà pé àádọ́ta ọdún, ọmọ rẹ̀ rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan ní Ọsirélíà ń ṣe ètò ìrántí, wọ́n sì ń wá àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ó kọ̀wé sí wọn. Wọ́n dáhùn kíá pé kí Bàbá fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi ìbéèrè márùn-ún sí i. Èmi ni ọmọ náà wá bá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wá ẹni lẹ́nu wò. Tí èmi bá béèrè, á ní kí n lọ sùn."

Bàbá kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó lépa èyí. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo sún ọjọ́ síwájú nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú ní Irving, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló sì ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Oníròyìn, ìgbà wo? Ẹnì kan ń bẹ lọ́hùn-ún tí mo fẹ́ kó gbọ́ mi kí èmi tàbí òun tó lọ." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tó fẹ́ kí wọ́n rántí òun ni. N kò béèrè ẹni náà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún béèrè "ta ni" lọ́wọ́ gbogbo ayé.

Ní Sátidé tí mo lọ, mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú ohùn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, òógùn ti bo gbogbo wa. "Ṣé rẹ̀kọ́dà rẹ ló ń san owó ilé yìí ni?" Bàbá bi mí. "Ooru á ti pa wá kí Ọsirélíà tó gbọ́ ohùn wa." Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná, níbi tí dòdò ti ń ta nínú epo. Mo gbé rẹ̀kọ́dà kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú Bàbá. N kò tàn án. Bàbá ní kí a kọ́kọ́ gbàdúrà, a sì di ojú.

O mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé, kásẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n ń fún oníròyìn láti lò fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí o bá lọ bá àgbà fún ọ̀rọ̀, á kí ọ, á béèrè ilé, á béèrè ọ̀nà, á wá gbàdúrà fún ọ àti fún gbogbo ẹni tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Àdúrà àgbà mìíràn lè jẹ ìdajì kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá wa nígbà náà a máa sọ pé, "Lẹ́yìn Àmín ni kí ẹ tẹ bọ́tìnnì." Rẹ̀kọ́dà tí mò ń lò báyìí lè gba ohùn fún odindi ọjọ́ méjì láì kún. Àmọ́ ọwọ́ mi kò tíì gbọ́ pé ayé ti yí padà.

Ohun tí Bàbá sọ nínú àdúrà náà nìyí. N kò lè fi í sínú àmì àyọlò, nítorí n kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dúpẹ́ fún ẹ̀mí, fún ọmọ, fún ìrìn àjò mi. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ obìnrin kan fún Ọlọ́run, ó ń dárúkọ rẹ̀ ní kíkún. Obìnrin náà ló máa ń ṣe ètò àwọn ọmọdé láàárọ̀ ní ilé iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ kan, ó mú bàbá rẹ̀, atukọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, wá sórí ètò láti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó okùn. Ọdún yẹn náà ni ọkùnrin náà kú. Téèpù ètò yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ kù sí. Nígbà tí àwọ̀ dé, àwọn ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn téèpù dúdú àti funfun rẹ́ kí wọ́n lè tún wọn lò, torí wọ́n ní kò sẹ́ni tó tún máa wò wọ́n. Iṣẹ́ Bàbá nìyẹn: gbogbo ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń fún un ní ìwé orúkọ téèpù, á sì máa gbé wọn kọjá lórí ẹ̀rọ òòfà tó ń nu ohùn àti àwòrán inú wọn kúrò. Obìnrin náà sáré wá bá a pé kó bá òun yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀. Ó ní kó fọkàn balẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo àwòrán aláwọ̀ lókè, ọkàn òun náà sì ti wà lọ́dọ̀ wọn. Ó kó gbogbo téèpù tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù kọjá lórí òòfà láì wo orúkọ wọn, ti obìnrin náà sì wà láàárín wọn. Nígbà tí obìnrin náà dé, Bàbá ní òun kò mọ ibi tí téèpù náà wọlé sí, ó sì fi ọjọ́ méjì bá a tú gbogbo pẹpẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo lè búra fún nínú àdúrà yẹn, nítorí mo ń sọ ọ́ lọ́kàn mi títí mo fi dé ìdí mọ́tò: "Olúwa, mo bá a wá ohun tí mo mọ̀ pé kò sí."

Lẹ́yìn náà, ó bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ tààrà bí ẹni pé ó jókòó láàárín wa, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí Ọlọ́run mú ohùn yìí dé etí rẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà ẹni tó fẹ́ kó gbọ́ òun. Ọwọ́ mi kò jìnnà sí rẹ̀kọ́dà. Ṣùgbọ́n ó máa ń dún bí mo bá tàn án, ojú sì tì mí láti jẹ́ kó dún láàárín àdúrà àgbà.

A ṣe Àmín. Ọmọ rẹ̀ ṣe tirẹ̀ láti ilé ìdáná, kò sì gbọ́ nǹkan kan nítorí epo tó ń ta. Mo ní kó pa iná, mo tẹ bọ́tìnnì, mo béèrè ìbéèrè máràárùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì Bàbá mọ́ gaara bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn: àwọ̀ dé, inú gbogbo ènìyàn dùn, àwọn ọ̀gá jẹ́ ènìyàn dáadáa. Mo béèrè bóyá ó ku ohun tó fẹ́ fi kún un. Ó mi orí. Ó wá tọ́ka sí rẹ̀kọ́dà, ó bi mí lédè wa pé, "Ṣé ó gba àdúrà yẹn?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti fúyẹ́, bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé mo ka àdúrà rẹ̀ sí ohun tí kò wúlò fún ìròyìn? Mo ní, "Ó gbà á, sà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

"Ó dáa. Túmọ̀ rẹ̀ fún wọn dáadáa. Ẹ gbé dòdò fún oníròyìn, ó ti gbẹ."

Mo jẹ dòdò náà tán. Nínú mọ́tò, mo kọ ohun tí mo lè rántí sẹ́yìn ìwé ìbéèrè. Mo ti pinnu pé màá padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, màá ní ìbéèrè kan ṣẹ́kù, màá sì fi ọgbọ́n mú un padà sórí ọ̀rọ̀ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò tún lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọmọ rẹ̀ pè mí pé òun fẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tí bàbá òun sọ, àti àdúrà náà pẹ̀lú. Mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àdúrà ni ohun tó ń fi ojú bi mí láti ìgbà tó ti dùbúlẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń wo rédíò bí ẹni tó ń retí ohùn ara rẹ̀, tó sì ń wò mí." Ó wá ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún un." Mo ní màá wá. Oṣù méje kọjá, mò ń bẹ Bàbá wò, mò ń mú èso lọ, n kò sì sọ ọ́.

Ètò náà jáde. Wọ́n lo ohùn Bàbá fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá: àwọ̀ dé, inú gbogbo ènìyàn dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó ṣe é fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin náà ló kọ ọ́. Ó ti gbọ́ Bàbá, ó ní inú òun dùn dé ibi tí òun sunkún. Ó ní òun kò gbàgbé ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá òun tú gbogbo pẹpẹ ní ọjọ́ méjì nítorí bàbá òun.

Èmi àti ọmọ Bàbá jọ jókòó, a kọ òtítọ́ sí i, bí mo ṣe rántí rẹ̀. Mo fi gbólóhùn tí mo lè búra fún síbẹ̀. Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Ó ní òun ti dárí jì í, tọkàntọkàn. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ̀wé sí mi. Ẹnu rẹ̀ ni ì bá wù mí kí n ti gbọ́ ọ."

Mo mú lẹ́tà náà lọ sí Lake Highlands, mo kà á fún Bàbá lórí àga rẹ̀. Kí n tó kà á, mo sọ fún un pé rẹ̀kọ́dà kò sí ní títàn, pé mo parọ́ fún un. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lé apá mi, ó ya ẹnu, gbogbo ọrùn rẹ̀ le koránkorán bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Ìró kan ṣoṣo ló jáde. Ọmọ rẹ̀ ní, "Dádì, ó ti tó." Ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí fèrèsé, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

N kò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé kì í ṣe téèpù tó parẹ́ ló gbé kiri fún àádọ́ta ọdún. Aṣìṣe òwúrọ̀ kan nìyẹn, obìnrin náà ì bá bínú, ì bá sì ti gbàgbé. "N kò mọ̀" tó tẹ̀ lé e ló wúwo. Tèmi náà, bọ́tìnnì tí n kò tẹ̀ kọ́ ló ń dà mí láàmú. Bàbá jókòó níwájú mi, ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní mo sọ pé, "Rárá, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," ì bá bú mi díẹ̀, ì bá sì tún di ojú. Kò lè gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.