Káàdì Mẹ́ta Inú Àpótí Ìyá Mi

Ẹ wá ibi jókòó sí, ẹ̀yin tí ẹ ń kánjú. Ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, àmọ́ kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lórí ìdúró.

Mo rántí ìgbà tí kòkó kún àgbàlá wa l'Ọ́kà, tó gbẹ dáadáa, tó ń dún ṣàkàṣàkà bí a bá fọwọ́ rú u. Èmi ni alága àwa àgbẹ̀ tí à ń kó kòkó pọ̀ tà fún ilé-iṣẹ́ kan n'Íkàrẹ́. Ọdún náà ni wọ́n sọ fún wa pé àwọn ìlú òyìnbó ti ṣòfin: kòkó tí wọ́n bá fipá mú ènìyàn ṣiṣẹ́ lé lórí kò gbọdọ̀ wọ ibodè wọn mọ́, ilé-iṣẹ́ tó bá sì rà á yóò jìyà. Mo rẹ́rìn-ín. Ipá kẹ̀? Àwọn alágbàṣe mẹ́ta tó wá láti Bẹ́núè ń bá mi jẹ iyán nínú abọ́ kan náà.

Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, bí alágbàṣe ọlọ́dún kan bá ti dé, olóko yóò gba káàdì ìdìbò rẹ̀, ìwé ìdánimọ̀ kan ṣoṣo tó ní, pamọ́ títí ọdún yóò fi pé. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ìtọ́jú la pè é.

Ọmọbìnrin tí ilé-iṣẹ́ rán wá, ọmọ Ògbàgì ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ṣé àwọn alágbàṣe yín lè lọ nígbà tó bá wù wọ́n?"

Kí n lè fi hàn án bí mo ṣe ń tọ́jú wọn tó, mo gbé àpótí onírin ìyá mi jáde, mo ṣí àgádágodo rẹ̀, mo fi etí agbádá nu káàdì mẹ́ta náà, mo nà án sí i. "Wò ó, ọmọ mi, ọ̀kan ò sọnù rí."

Ìyàwó mi tó ń bó ẹ̀gúsí pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin náà ni, bàbá! Ọlọ́pàá ò tíì dé, ẹ ti gbé ẹrù jáde fún wọn."

Ọmọ náà yíjú sí àgbà nínú àwọn alágbàṣe mẹ́ta náà, tó ń rú kòkó lágbàlá. Ọkùnrin yẹn kọ́kọ́ wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Ìyá mi ń ṣàìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Mo tọrọ káàdì mi, Bàbá ní kí ọdún pé ná."

Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ti gbàgbé.

Mo fún un ní káàdì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ. Ilé-iṣẹ́ kò gba kòkó wa, ti gbogbo ẹgbẹ́ pátá. Òjò sì ń bọ̀. Ní ìpàdé, ẹnìkan ní kí n sẹ́. Mo gbé àpótí náà ka iwájú wọn. "Èmi ti kó tèmi jáde. Kí kálukú lọ kó tirẹ̀ wá." Wọ́n bú mi dáadáa, àmọ́ wọ́n kó o wá: káàdì abẹ́ ìrọ̀rí, káàdì inú Bíbélì, káàdì inú ìkòkò. A dá gbogbo rẹ̀ padà fún àwọn tó ni ín lójú ọmọ Ògbàgì, ilé-iṣẹ́ sì kó kòkó wa kúrò nílẹ̀ kí òjò tó dé.

Ọkùnrin yẹn bá ìyá rẹ̀ láàyè, ṣùgbọ́n ìyá náà kò dá a mọ̀ mọ́. Ó padà wá fúnra rẹ̀. Káàdì rẹ̀ wà nínú àpò ara rẹ̀.

Lónìí, oko ìsàlẹ̀ ti di ti ọmọ mi ọkùnrin. Oko ẹ̀bá òkè, mo fà á lé alágbàṣe yẹn lọ́wọ́ níwájú mọ̀lẹ́bí. Àpótí ìyá mi, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló jogún rẹ̀, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ló ń kó sí i. Kí n tó fún un, mo yọ àgádágodo rẹ̀ sọnù.