Òkúta Dúdú Tí Mo Lọ̀ Mọ́ Tìróò

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi ò tíì ga ju tábìlì lọ, kò sẹ́ni tó lè mú mi jókòó ní agbo ilé wa ní Ọ̀rányàn, n'Íbàdàn. Ẹsẹ̀ ń yún mi ṣáá. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a máa ní mo dà bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Ó ku díẹ̀ kí n pé ọgọ́rin ọdún báyìí, ara mi ò sì tíì balẹ̀, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ó gbọ́ ohun tó fà á.

Tìróò ni ìyá àgbà ń tà ní Ọjà'ba. Ó máa ń ra òkúta rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá Haúsá kan tó ń kó o bọ̀ láti òkè Ọya, òkúta dúdú tó wúwo, tó sì ń kọ mànà bí a bá fọ́ ọ. Ọlọ kékeré kan wà tó fi ń lọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ kó fi ata kàn án. Bó bá lọ̀ ọ́ tán, á fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, á fi ìka méjì rà á wò. Bí ìka rẹ̀ bá kọsẹ̀ lára ẹyọ kan péré, á dá gbogbo rẹ̀ padà sórí ọlọ. Á ní, "Ojú èèyàn ló ń lọ, kì í ṣe inú ọbẹ̀."

Lọ́dún kan, Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀, bàbá Haúsá ò dé. Òkúta tó kù sílẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ìwọ̀nba tìróò díẹ̀ ló wà nínú abọ́, àwọn oníbàárà sì ń wọlé wọ̀de. Mo rí i pé ọkàn ìyá àgbà ò balẹ̀, tèmi náà ò wá balẹ̀ mọ́. Ní àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń fọ́ àpáta lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé kan lélẹ̀. Ìlà òkúta funfun kan la àpáta náà já, ó fẹ̀ tó ẹnu ilẹ̀kùn. Nínú rẹ̀ la ti ń rí ohun pẹlẹbẹ tó ń dán bíi dígí, tí a ń fi èékánná ṣí ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Òkúta tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, òkúta dúdú náà sì wà. Òmíràn nínú àwọn dúdú yìí ní ojú mẹ́jọ géérégé, ó ṣóńṣó lókè, ó ṣóńṣó nísàlẹ̀, bíi pé alágbẹ̀dẹ ló fi ayùn gé e. Ó dúdú, ó wúwo, ó ń dán. Kí ni mo tún ń wá? Mo ti rò ó parí pé Ọlọ́run ló gbé tìróò wá bá wa nílé.

Ìyá àgbà lọ kí ẹni tó ń ṣàìsàn, mo gbé òkúta sórí ọlọ. Ó le débi pé ọwọ́ mi bó. Mo da ìkúnwọ́ kan mọ́ èyí tí ìyá àgbà ti jọ̀ sílẹ̀, mo sì pa ẹnu mọ́, mo fẹ́ kó kàn rí i pé ọjà ti kún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ló gbé e lọ sọ́jà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo mú mágínẹ́ẹ̀tì tí oníṣẹ́ rédíò kan fún mi. Gbogbo ọmọdé ìgbà yẹn ló máa ń so ó mọ́ okùn, tí wọ́n á máa wọ́ ọ nínú iyanrìn kó lè ṣa ẹ̀rúnrún irin. Bí mo ṣe ń wọ́ tèmi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ, lẹ́búlẹ́bú dúdú tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fò mọ́ ọn, ó hu irùngbọ̀n sí i lára. Mo sáré lọ mú ojúlówó òkúta tìróò tó kù, mo fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Kò lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà náà ló yé mi pé ohun tó jọ irin ni mo lọ̀ sójú àwọn èèyàn.

Mo wọlé, mo jáde. Mo mu omi lẹ́ẹ̀mẹta tí òùngbẹ ò gbẹ mí. Nígbà tí ìyá àgbà dé lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́, omijé ń dà lójú mi. Kò nà mí. Ó da gbogbo tìróò inú abọ́ sínú kòtò, ó sì fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

"Èèyàn mẹ́ta ló ti rà á," ló wí. "Dìde. Wọ bàtà rẹ."

A kọ́kọ́ lọ sí Bẹẹrẹ, a lọ sí ìdí Màpó. Lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo lọ òkúta tí mi ò mọ̀ mọ́ tìróò yín." Ìyá àgbà ò bá mi fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Àwọn méjèèjì ò tíì lò ó, wọ́n dá a padà. Ti ìyàwó kan ní Bẹyẹrúnká ló dùn mí títí dòní. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogójì ọjọ́. Igbe rẹ̀ la gbọ́ ká tó wọlé, ojú rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n kuku.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Mo rò pé inú ló ń run ún ni."

Ìyá àgbà gba ọmọ, ó ní kí ìyá rẹ̀ fún ọmú sí i lójú. Wàrà ń kán, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún, ẹyọ dúdú kéékèèké ń bá a jáde. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ ilé ìwé, tí mo ń wo ojú ọmọ náà. Ní ọjọ́ keje, mo na ìka mi, ojú rẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀ lé e lọ tẹ̀ lé e bọ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, oorun sì gbé mi lọ. Ìyá àgbà ò ta tìróò kankan ní Iléyá ọdún náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ọmọ mi, tó ń kọ́ nípa òkúta ní yunifásítì, kó àwọn òkúta kan wálé. Ó ní wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ńlá kó irú wọn lọ tà báyìí. Mo rí olójú mẹ́jọ láàárín wọn, mo sì sọ ìtàn yìí fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá gbé òkúta náà sílẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ má bínú o," ló wí fún mi, torí èmi ni ìyá àgbà báyìí. "Òkúta tìróò gidi yẹn gan-an, òjé ló wà nínú ẹ̀. Àwọn dókítà ní ká má fi sójú ọmọ mọ́, ó ń ba ọpọlọ wọn jẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Àgbà tó bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ìyá àgbà tó ń jọ̀ ọ́, tó ń fi ìka rà á, kò mọ̀. Ká ní ó mọ̀ ni, á wé gèlè rẹ̀, á kan gbogbo ilẹ̀kùn Ìbàdàn, á sì mú mi dání. Ayé ti yàtọ̀. Inú ike ni wọ́n ń rọ tìróò sí báyìí, ẹni tó rà á ò mọ ẹni tó lọ̀ ọ́, ẹni tó lọ̀ ọ́ ò sì mọ ojú tó ń lọ. Ìmọ̀ ti dé, àmọ́ ta ni yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà?

Lánàá, ìyàwó ilé tó kọjú sí tiwa gbé ọmọ rẹ̀ wá kí mi, tìróò yí ojú ọmọ náà ká rẹ́múrẹ́mú. Mo mọ ohun tí mo mọ̀, síbẹ̀ mo yìn ín pé ó rẹwà. Ojú ló ń tì mí, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ bá mi wo abẹ́ àga yẹn, kí ẹ mú bàtà mi wá.