Ìkìlọ̀ Tó Lé Onípòtétò

Bí o bá rí ìkìlọ̀ kan lára ògiri láàárín Farin Gada sí Hwolshe nílùú Jos, tí lẹ́tà rẹ̀ tò bí ọmọ ilé-ìwé tó tò sórí ìlà, Olúkọ́lá ló kọ ọ́. Jos ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá bàbá rẹ̀ wá láti Iléṣà. Èèwọ̀ ni Olúkọ́lá ń kọ jẹun: má tọ̀ síbí, má da pàǹtírí síbí, má páàkì síbí. Àbùkù iṣẹ́ náà kò ju ọ̀kan lọ: ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Níbi tó kọ "má tọ̀ síbí" sí lẹ́yìn ọjà, ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọkùnrin ti ń fara balẹ̀ tọ̀, tí wọ́n ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Alàgbà Dúródọlá, alága ìgbìmọ̀ ìjọ Yorùbá kan ní Hwolshe, ránṣẹ́ pè é.

"Kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri wa níta: A kò gbọdọ̀ tajà níbí."

Olúkọ́lá wo ìdí ògiri náà. Ìdí ògiri yẹn ni Adéníkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ti ń din pòtétò láti ìgbà tí wọ́n ti bí Treasure ọmọ wọn, kò sì ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́. Ó kọ ọ́, ó sì fọkàn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Adéníkẹ́ ń kó agbada rẹ̀.

"Ìyá Treasure, níbo lò ń lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa lọ."

"Ta ló ń ka ohun tí mo kọ?"

"Èmi! Ṣé kí wọ́n wá sọ pé ìyàwó yín gan-an kò kà yín sí? Kái! Ẹ wo bó ṣe dára tó. Ta ló lè jókòó sábẹ́ eléyìí kó máa tajà?"

Bí aya ẹni tó kọ ọ́ ṣe gbéra, oníkòsáì tó ń din àkàrà àti olómi tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà gbéra.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé, àwọn alàgbà jáde nínú òtútù, wọ́n ń fọwọ́ ra ọwọ́. Kò síná Adéníkẹ́ tí wọ́n máa ń yá, kò sí pòtétò. Olúkọ́lá nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń kun ẹnu ọ̀nà.

"Olúkọ́lá, Ìyá Treasure ńkọ́?" Alàgbà Dúródọlá béèrè.

"Ẹ ti lé e, sà."

"Èmi? Àwọn tó ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ ni mo ń bá wí!"

"Ògiri kò mọ̀yàtọ̀, sà."

Alàgbà Dúródọlá wo ògiri, ó wo ibi tí agbada máa ń wà. "Fi 'àfi' sí i."

"Àfi ta ni, sà?"

"Àfi ẹni tí ìgbìmọ̀ bá fún láṣẹ."

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣèpàdé nídìí ògiri. Gbogbo ọwọ́ ló jáde lábẹ́ ẹ̀wù òtútù, ó nà sókè, ó sì di òfin. Olúkọ́lá ní òun yóò kọ ọ́ sí i bí àyè bá wà.

Adéníkẹ́ padà, ó gbé agbada kalẹ̀ lábẹ́ "A kò gbọdọ̀" gan-an. Nígbà tí Ọdún Àjíǹde fi dé, èéfín ti bo apá ibẹ̀. Ohun tó kù lára ògiri ni "tajà níbí." Alàgbà ti ní kí Olúkọ́lá wá tún un kọ. Olúkọ́lá ní ọ̀dà wà nílé o. Àyè ni kò tíì sí.