Kànga Abẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Gbì! Gbì! Ọmọ odó ń kanlẹ̀, eruku pupa ń sọ, gbogbo ìjọ pagbo yí wa ká. Ìyá arúgbó tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ní àdúgbò Ìrẹmọ ló wà nínú kòtò òpó, tó ń fi ọmọ odó gúnlẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dẹtí sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa àtijọ́, èyí tí wọ́n fi amọ̀ mọ, kí wọ́n lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Òórùn amọ̀ gbígbẹ àti igi àjà gba gbogbo àdúgbò. Epo bẹntiróòlù wọ́n nígbà náà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èyí tí wọ́n rọ sínú ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré. Ẹ̀rọ ń kù, àwọn obìnrin ń kọrin, àwa ọmọdé ń fò sókè. Wọ́n fẹ́ da kọnkéré sínú kòtò òpó tó tóbi jù lọ, ni ìyá yìí bá figbe ta.

"Ẹ má dà á síbẹ̀ o! Kànga wà nísàlẹ̀ ibẹ̀!"

Ọ̀gá bíríkìlà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó níbòji."

"Ìwọ ọmọ Ìpetumodù yìí, wọn ò tíì bí ìyá ẹ nígbà tí mò ń fa omi níbẹ̀. Omi ẹ̀ la fi po amọ̀ ògiri tẹ́ ẹ wó yìí. Àwa ìyàwó ilé la fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tèmi toyún oṣù mẹ́fà. Ìgbà tí ewúrẹ́ kó sí kànga yẹn la fi pákó bò ó, tá a kó erùpẹ̀ lé e."

Pásítọ̀, tí kò tíì pẹ́ tó dé ìlú, rọra ní, "Màmá, kò sí nínú ìwé ìtàn ìjọ."

"Pásítọ̀ mi, ta ló kọ ìwé náà? Àwọn ọkùnrin. Ṣé àwọn ló fa omi?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ló bá ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ, ó rán mi lọ gbé ọmọ odó wá, ó sì fà mí wọ inú kòtò. "Etí tèmi ti di. Ìwọ lo máa bá mi gbọ́ ọ."

Gbì! Gbì! Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbùn-ùn! Mo gbé orí sókè. N kì í lè sọ̀rọ̀ lójú èèyàn mẹ́ta, ká má tilẹ̀ sọ gbogbo ìjọ.

"Sọ ọ́!" ni ìyá náà wí.

"Ó... ó ń dún bí ìkòkò òfìfo!"

"Ẹ gbọ́? Ẹ gbẹ́ ibẹ̀!"

"Ọ̀rọ̀ ọmọdé, Màmá?" Bíríkìlà ṣì ń yínmú.

"Ohun tó sọ yẹn, èmi ni mo sọ ọ́."

Wọ́n fà wá jáde. Bíríkìlà bọ́ sínú kòtò, ó gbé dígà, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Pákó ṣẹ́! Erùpẹ̀ ya wọ inú kànga, a sì gbọ́ jàbú nísàlẹ̀ réré. Ariwo sọ! Bíríkìlà fò jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá náà sínú eruku. Gbogbo ọkùnrin ìjọ gba ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ kòtò mìíràn síwájú, wọ́n sì da òpó síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá yẹn ti sùn nínú Olúwa. Ojú ṣì ń tì mí láwùjọ. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé pé kí pákó yẹn tó ṣẹ́ ló ti gbà mí gbọ́. Bí ọmọ mi bá wá sọ fún mi lónìí pé òun gbọ́ nǹkan, mo máa ń kọ́kọ́ dìde lọ dẹtí sí i ná.